Ẹsẹ̀ Kámẹ́rà Tí Mo Bá Dáhùnsí Yàn

Ẹ má bá mi kẹ́dùn, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹni tí mo torí ẹ̀ ṣe ìkà, ó tọ́ sí i. Ẹni tí ìkà náà lọ bá ni kò tọ́ sí. Nítorí tirẹ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ yọ́nú sí mi.

Inúmidùn lorúkọ mi. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Olódì-Àpápá. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Oyèníran ni mo ti kọ́ṣẹ́, èmi àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dáhùnsí. Ọjọ́ kan náà la gba fíríìdọ́mù. Ọ̀gá gbàdúrà fún wa, ó fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ Dáhùnsí, ó ní ká lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé a máa fẹ́ra.

Oyún Dáhùnsí wà nínú mi nígbà náà. Oyún náà bàjẹ́. Kí ara mi tó yá, ó ti ń tẹ̀ lé Tinú káàkiri, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù, tó sì ń gbé Àpápá GRA.

Ìyẹn nìkan ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí wọ́n já jù sílẹ̀ pọ̀ ní Èkó, wọn ò sì kú. Ohun tó ń sọ lẹ́yìn mi ni mi ò lè gbé mì. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òpópónà kejì sí tèmi, ó wá ń wí fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé, "Ẹ má gbé ọmọ ọwọ́ lọ bá Inúmidùn o. Ọwọ́ ẹ̀ ò dáa fọ́mọ. Tiẹ̀ gan-an, ṣé ó dúró?"

Tiẹ̀ gan-an, ṣé ó dúró! Ọmọ tó jẹ́ tàwa méjèèjì ló ń fi bú mi.

Àwọn ìyá gbọ́, wọ́n sì sá. Fọ́tò ìkómọjáde, fọ́tò ọjọ́ ìbí, fọ́tò ìbejì, gbogbo rẹ̀ yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ku èmi àti àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní wáàfù, tí wọ́n ń ya pásípọ́ọ̀tù. Bí mo bá pàdé Dáhùnsí lọ́nà, mo máa ń kí i. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i pàápàá. Ṣùgbọ́n mo ń dúró dè é.

Lọ́dún 1987, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Inú, Ọ̀gá ló ní kí n wá bá ẹ."

"Kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi ni. Onígi yẹn ti fẹ́ẹ̀ yọ mí léjìká. Iṣẹ́ GRA ti pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí, láti ilé dé ilé ni. Mo fẹ́ èyí tó fúyẹ́, tí ò sì ní wọ́n jù. Ọ̀gá ní ojú ẹ ló mú jù nínú gbogbo wa, pé kó o bá mi yàn án."

Ó fara ti tábìlì mi bí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí rí. Ó tiẹ̀ ń fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò mi, ó ń ní, "Èyí dáa o."

"Kò burú," ni mo wí. "Jẹ́ ká jọ lọ sọ́dọ̀ Ebikabowei."

Ebikabowei jẹ́ ọmọ Íjọ̀, ó ń ta ọjà ní Ajégúnlẹ̀, nítòsí Bọ́ńdárì. Ọwọ́ àwọn atukọ̀ ojú omi ló ti máa ń ra nǹkan àlòkù: rédíò, aago, ìbọn ìpẹja, kámẹ́rà àti ohun èlò rẹ̀. Gbogbo àwa onífọ́tò tí ò lówó ọjà tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ọ̀gá Oyèníran kọ́ wa fún yín, nítorí òun lọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọ̀gá ní a kì í fojú ra ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé. O máa là á sílẹ̀, o máa fún gbogbo ìdè rẹ̀ le. O máa wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ti wọnú ẹsẹ̀ ńlá, kó o gbé báàgì rẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, lọ bá ọlọ́jà tàkúrọ̀sọ. Bó o bá padà dé tí ìlà ṣì wà níbi tó o fà á sí, sanwó. Bí ìlà bá ti wọlé, má rà á, wọn ì báà fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ọ̀gá á ní, "Ẹsẹ̀ tó bá máa já ọ kulẹ̀, kì í ṣe é lójú rẹ."

Dáhùnsí gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti kékeré iṣẹ́ ni kì í ti í ní sùúrù. Ohun tó bá ń dán ló máa ń tètè wọ̀ ọ́ lójú.

Ẹsẹ̀ kámẹ́rà méjì tó fúyẹ́ ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, ìdè rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí. Èkejì ń dán bíi abọ́ tuntun, ó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdè rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó máa ń dún kọ́. Owó méjèèjì kò jìnnà síra.

"Dis one na from Japan ship," Ebikabowei wí, ó fi ìka kan ṣoṣo gbé èyí tó ń dán. "Look am. One finger!"

Dáhùnsí rẹ́rìn-ín, ó ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ wo fíláàṣì, ó ní kí n máa yẹ̀ wọ́n wò.

Mo la méjèèjì. Mo fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sí wọn. Mo gbé báàgì mi kọ́ èyí tó gbó, mo dúró, ìlà kò mì. Mo gbé e kọ́ èyí tó ń dán. Ẹsẹ̀ méjì dúró gbọn-in. Ẹsẹ̀ kẹta ń wọlé, díẹ̀díẹ̀, débi pé bó o bá tẹjú mọ́ ọn, o ò ní rí i pé ó ń rìn. Mo wo ibòmíràn, mo tún wò ó. Ìlà funfun náà ti wọnú lọ.

Ebikabowei rí ohun tí mo rí. Ó súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Madam, dat one leg no dey hold well. Make I no lie you. Tell your brother make e carry the old one."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni mo ti lè ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ti sọ òtítọ́, kí n kàn tún un sọ ni. Mo wo ẹ̀yìn Dáhùnsí níbi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ sí tó ń yẹ fíláàṣì wò. Ṣé ó dúró? Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

"No worry," mo dá Ebikabowei lóhùn. "Na that one e like."

Dáhùnsí padà dé. "Inú, èwo?"

"Èyí tó ń dán. Òun ló fúyẹ́ jù. Ẹni tó ń wọ ilé àwọn máníjà ní GRA, ṣé jákujàku ló fẹ́ gbé wọlé tọ̀ wọ́n?"

"Mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀!" Ó gbé e lé èjìká, ó mi orí. "O ṣé o, Inú. Inú mi dùn pé o ò dì mí sínú."

"Kí ni màá dì ẹ́ sínú fún?"

Nígbà tó lọ tán, mo san owó èyí tó gbó, mo gbé e lọ sílé. Títí di òní, òun ni mò ń lò.

Kò pẹ́ tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó sì ń dùn mọ́ mi bí oyin. Dáhùnsí ya fọ́tò àwọn ọmọ ilé-ìwé kan lápapọ̀, gbogbo kíláàsì fì sápá kan bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yọ̀ kúrò nínú fọ́tò. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀ ọ́. Ó ya máníjà kan àti ìdílé rẹ̀ ní GRA, ilé tó wà lẹ́yìn wọn dagun. Máníjà ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ti máníjà yẹn, mo ra ẹran kún ọbẹ̀.

Kò fura sí ẹsẹ̀ kámẹ́rà rárá. Bó bá ṣe ń tò ó, tí ó ń fojú wò ó, ó dúró déédéé. Ìgbà tó bá ń to àwọn èèyàn, tó ń ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, ìgbà yẹn lẹsẹ̀ kẹta ń wọlé. Ó gbé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ó lọ ra awò ojú. Ó wá bá mi, awò náà ń yọ̀ bọ́ sí imú rẹ̀.

"Inú, ṣé o ò rò pé ojú mi ló ń lọ?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," mo wí. "Iṣẹ́ yàrá òkùnkùn yìí máa ń jẹ ojú. Rọra máa ṣe é."

Ìgbà tó jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀yin ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé.

Obìnrin kan wà ní Ajégúnlẹ̀ tó ń jẹ́ Hàbíbàt. Àlíù ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà láti wáàfù lọ sí òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Hàbíbàt bí ìbejì ọkùnrin. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, èéyi wọlé, ó mú Kẹ́hìndé lọ. Ó ku Táyé.

Ẹ mọ̀ pé a kì í fi èyí tó kù sílẹ̀ lóun nìkan. Láyé àtijọ́, wọn ì bá gbẹ́ ère èkejì. Ṣùgbọ́n àlùfáà ni bàbá Àlíù, kò gbà kí ère wọ ilé òun. Fọ́tò ló fọwọ́ sí. Iṣẹ́ onífọ́tò sì ni láti fi ọmọ kan ya ìbejì, kí ìyá lè rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kámẹ́rà á wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. A ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú rẹ̀, a ó gbé ọmọ jókòó sí apá kan, a ó yà á. A ò ní yí fíìmù. Ìyá á pààrọ̀ aṣọ ọmọ, a ó gbé e sí apá kejì, a ó bo ìdajì kejì, a ó tún yà á. Ojú fíìmù kan náà ni méjèèjì á bọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Bó bá sún, ó ti bàjẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni Hàbíbàt kọ́kọ́ gbé Táyé wá. Ó ti jókòó, ó ti ń nu ojú ọmọ, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ já wọlé.

"Hàbíbàt, kí lò ń ṣe níbí?"

"Màmá, wọ́n ní iṣẹ́ Àǹtí yìí mọ́."

"Èyí tí wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ ò dáa fọ́mọ? Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù yìí lo fẹ́ gbé fún un? Dìde ńbẹ̀! Ọ̀dọ̀ Dáhùnsí là ń lọ."

Hàbíbàt wò mí, ojú tì í. "Ẹ má bínú, Àǹtí," ló wí, ó sì pọn ọmọ rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n lọ. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ ọmọ tó ń ké, àkókò yẹn á tó fún ẹsẹ̀ kẹta láti wọlé. Mo lè sáré tẹ̀ lé wọn. Mo lè pariwo orúkọ Hàbíbàt. Ohun tí mo wí nínú ara mi ni pé: ṣebí ọwọ́ mi ò dáa? Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́wọ́ dídáa.

Fọ́tò náà jáde. Táyé jókòó dáadáa lápá ọ̀tún. Lápá òsì tó yẹ kó jẹ́ ti Kẹ́hìndé, àga dà bí ohun tó ṣẹ́, ọmọ náà fì, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wọnú ọrùn Táyé lọ.

Ẹ̀rù ba Dáhùnsí. Ká ní akínkanjú ni, á ní òun ba iṣẹ́ jẹ́, á sì tún un yà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kó di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ó ní, "Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti ń ya ìbejì, mi ò rí irú èyí rí. Ọwọ́ mi kọ́. Ẹ yáa tọ́jú ọmọ yín, èkejì rẹ̀ ló ń pè é yìí."

Ìyá àgbà kígbe, ó gbé ọwọ́ lérí. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, Ajégúnlẹ̀ ti gbọ́. Ó dé Olódì, ó dé Ìjọra Badia. Àwọn èèyàn sì yí ọ̀rọ̀ náà padà lé Dáhùnsí lórí: wọ́n ní lọ́dọ̀ rẹ̀, òkú máa ń yọ nínú fọ́tò. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣẹ́rí padà. Wọ́n ń bọ̀ sọ́dọ̀ mi, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n ń ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí Inú, ẹnu ayé ni." Mò ń gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, mò ń rẹ́rìn-ín.

Àárín wọn ni Hàbíbàt ti yọ sí mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó fi fọ́tò náà sọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ìyá ọkọ mi ní Kẹ́hìndé ń fa Táyé. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀kan ti kú, ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni èkejì máa kú sí. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Àlíù ní ohun tí ìyá òun bá wí labẹ́ gé. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé òkú ni, àbí iṣẹ́ ló bàjẹ́? Bẹ́ ẹ bá lè bá mi sọ fún wọn pé iṣẹ́ ló bàjẹ́, wọ́n á fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi."

Mo wo fọ́tò. Mo rí ibi tí kámẹ́rà ti wọ́, kedere. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo ronú kàn án: bí mo bá ní ẹsẹ̀ kámẹ́rà ni, Dáhùnsí á ra òmíràn, ìtàn òkú á parí, àwọn ìyá á tún máa wọ́ lọ bá a. Wọ́n á sì bi mí bí mo ṣe mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ìtàn yìí á jẹ ẹ́ tán pátápátá, bó ṣe fi irọ́ jẹ mí.

Mo dá fọ́tò padà sọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò rí irú ẹ̀ rí," ni mo wí. "Iṣẹ́ kì í ṣe báyìí."

Ó dúró díẹ̀, ó ń wò mí lẹ́nu bóyá n ó tún sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́. Ó jáde lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé Táyé wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn.

Hàbíbàt kò sunkún jókòó sílé. Ó bèèrè ẹni tó jẹ́ àgbà nínú àwa onífọ́tò, wọ́n júwe Ọ̀gá Oyèníran fún un. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Dáhùnsí mú Tinú, tó ti di ìyàwó rẹ̀, dání. Hàbíbàt jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ òfìfo lórí itan.

Ọ̀gá gbé fọ́tò náà súnmọ́ iná, ó wò ó pẹ́. Ó mi orí.

"Òkú kọ́ rèé. Kámẹ́rà ló sún. Dáhùnsí, gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ wá."

Ọ̀gá là á. Ó fún ìdè rẹ̀ le. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó fa ìlà, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. "Ẹ jẹ́ ká mu mínírà," ló wí. Wọ́n pín mínírà fún wa. Tèmi gbóná lọ́wọ́ mi, mi ò ṣí i.

Nígbà tó padà débẹ̀, ìlà ti wọlé lára ẹsẹ̀ kan.

"Ta ló bá ọ yan èyí?"

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ bá Inúmidùn. Òun ló yàn án."

Ọ̀gá yíjú sí mi. Kò pariwo. "Inúmidùn, ṣé o fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i?"

Bí mo bá ní rárá, òmùgọ̀ ni mí, tó da ẹ̀kọ́ ọ̀gá rẹ̀ nù. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkà ni mí. Èmi ò sì lè jẹ́ òmùgọ̀ lójú Dáhùnsí.

"Mo fà á, Ọ̀gá."

"O rí i pé ó wọlé?"

"Mo rí i."

"Chai!" Dickson, onífọ́tò kan láti Ajégúnlẹ̀, fò dìde. "Inú! You see am, you still give am?"

"Mo fún un!" Èmi náà ti dìde. Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí bú jáde. "Ẹ bi í léèrè ohun tó ń sọ kiri nípa mi! Ó ní ọwọ́ mi ò dáa fọ́mọ, pé tèmi ò dúró. Ẹ bi í, ọmọ ta ni kò dúró? Ta ló lóyún náà? Dáhùnsí, sọ fún ìyàwó ẹ, sọ ọ́ níṣojú Ọ̀gá!"

Tinú yí ojú wo ọkọ rẹ̀. Dáhùnsí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dé egungun. Ohun tí mo ti ń dúró dè ni.

Ìgbà náà ni Hàbíbàt sọ̀rọ̀ láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, mo wá bá yín."

Mo yíjú sí i.

"Mo bi yín. Mo ní ṣé òkú ni, àbí iṣẹ́ ló bàjẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ mi ṣì wà nílé lọ́jọ́ yẹn," ló wí.

Ọ̀gá kò bu owó ìtanràn lé mi. Ó lọ síbi tó kọ́ fọ́tò fíríìdọ́mù àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó yọ tèmi, ó sì yọ ti Dáhùnsí pẹ̀lú. Òun fúnra rẹ̀ bá Hàbíbàt lọ sí Ìsẹ́yìn láti ṣàlàyé. Ìyá àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ní àwọn onífọ́tò ń bo ara wọn láṣìírí ni. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà, kí ló dé tó fi jẹ́ ọrùn Táyé gan-an lọwọ́ yẹn wọ̀? Kò gbé ọmọ sílẹ̀. Àlíù kò sì lè ko ìyá rẹ̀ lójú.

Dáhùnsí ta kámẹ́rà rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó lọ. Mi ò bèèrè ibi tó lọ. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì mọ ọjọ́ tí n ó dárí jì í. Wọ́n máa ń ní kẹ́ni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà má gbẹ́ ẹ jìn. Èmi gbẹ́ ẹ jìn dáadáa, torí ẹni tí mo gbẹ́ ẹ fún ga.

Nígbà tó súnmọ́ Iléyá ọdún náà, Hàbíbàt wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ aṣọ tó dáa jù tó ní. Mo kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dìde.

"Mo wá ya fọ́tò ni."

Ó jókòó sí etí àga gígùn. Mo ní, "Sún sí àárín díẹ̀."

"Rárá. Ẹ fi àyè Táyé sílẹ̀."

Mo yà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà wá gbà á, mo ní kó má san nǹkan kan. Ó gbé owó lé tábìlì.

"Mi ò gbé e lọ," ló wí. "Ẹ gbé e kọ́ síta, síbi tẹ́ ẹ máa ń kọ́ èyí tó dáa jù sí. Ẹni tó bá bi yín léèrè mi, ẹ máa sọ fún un, kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibí kọjá. Ọjọ́ tí mi ò bá rí i níta, màá wọlé wá."

"Hàbíbàt, jọ̀ọ́."

"Èmi náà sọ pé jọ̀ọ́ fún yín."

Láti ìgbà náà ló ti wà níta. Àwọn ìyá á gbé ọmọ wọn dé, wọ́n á ní, "Àǹtí, ta ni obìnrin yìí? Kí ló dé tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀?" N ó sọ fún wọn. Òmíràn á jẹ́ kí n ya ọmọ òun. Òmíràn á pọn ọmọ rẹ̀ padà, á lọ. Mi ò bá wọn jà.

Ọdún ti gorí ọdún. Táyé ti dàgbà ní Ìsẹ́yìn. Ìyá àgbà ló ń pè ní ìyá, Àǹtí Èkó ló ń pe Hàbíbàt. Nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kó wá kí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì, ọmọ náà ti ga dé èjìká rẹ̀. Ó dúró níwájú fọ́tò. Ó tọ́ka.

"Àǹtí Èkó, ẹ̀yin rèé!" Ó tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ó wá yíjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló yẹ kó jókòó síbí?"

Mo wo Hàbíbàt. Mò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kò yí ojú rẹ̀ kúrò lójú mi.

"Ó ti bi yín," ló wí.

Mo fa àga kan fún ọmọ náà, mo ní kó jókòó.